Ṣé ẹni tí kì í ṣe wọ́kà ní ṣọ́ọ̀ṣì ò sin Ọlọ́run ni? Nọ́ọ̀sì tó ń ṣe náìtì ló ń bèèrè o

NọọsiNáìtì

Ẹ kú ilé o gbogbo ilé. Ẹ̀yin àgbà wa mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi náà ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ló ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ yìí, mo sì rí i pé tí n bá ń dá a rò nìkan orí á fọ́ mi, ni mo bá ní kí n gbé e wá síbí.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ọsibítù ìjọba kan ní Ìbàdàn. Wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ni mo wà, àwọn tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, àwọn alátọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ wọn ti di egbò, àwọn tí kíndìnrín wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí. Náìtì ni mo máa ń ṣe jù torí àwọn ọmọ mi kéré, bàbá wọn á lè wà pẹ̀lú wọn lálẹ́. Tó bá di àárọ̀ Sunday, kí n tó fa iṣẹ́ lé àwọn tó ń bọ̀ lọ́wọ́ aago mẹ́jọ ti kọjá dáadáa, kí n tó délé kí n wẹ̀ kí n wọṣọ fáwọn ọmọ ìsìn ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń jókòó sí, oorun a sì máa gbé mi lọ nígbà míì, Ọlọ́run mọ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa báyìí wọ́n fẹ́ kí gbogbo ọmọ ìjọ di wọ́kà. Kó o wà ní kwáyà, tàbí kó o jẹ́ ùṣà, tàbí kó o wà lára àwọn tó ń gbálẹ̀, tàbí àwọn tó ń lọ bẹ àlejò wò nílé. Mítìn wọ́kà jẹ́ ìrọ̀lẹ́ Sátidé, wọ́kà sì gbọ́dọ̀ ti dé kí aago méje àárọ̀ Sunday tó lù. Mi ò lè ṣe é, kò sí bí mo ṣe fẹ́ pín ara mi. Àmọ́ nínú ìwàásù kan tí wọ́n ṣe láìpẹ́ yìí wọ́n ní ẹni tó bá ń jẹ nínú ilé Ọlọ́run tí kò sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀, igi tí ò so èso ni. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára gan-an, mi ò tiẹ̀ gbọ́ ìyókù ìwàásù mọ́.

Ìbéèrè mi rèé. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní wọ́ọ̀dù yẹn, ṣé a lè pè é ní iṣẹ́ ìsìn nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ń sanwó fún mi? Owó oṣù tí ò tó nǹkan ni lóòótọ́ ṣùgbọ́n owó ṣáà ni. Ìkejì, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí àdúrà mi ti gbẹ, màá kúnlẹ̀ mi ò ní rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. Ṣé torí pé mi ò ní ẹ̀ka tí mò ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì ni? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú pásítọ̀ wa o, èèyàn dáadáa ni, wọ́n dúró ti ìdílé mi nígbà tí nǹkan le. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá.

---

Bàbá_Díákónì

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o, o kú àìsùn. Ọlọ́run á fún ọ lókun, á sì bá ọ wo àwọn ọmọ.

Jẹ́ ká jọ ka Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 6 torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọ́kà yìí ti ṣẹ̀. Oúnjẹ ló fa gbogbo ẹ̀. Àwọn opó kan tó ń sọ èdè Gíríìkì ń ráhùn pé tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ lójoojúmọ́ wọ́n máa ń fo àwọn dá. Kò sẹ́ni tó ń wá ẹni tó máa dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn, ebi ló ń pa àwọn ìyá kan. Àwọn àpọ́sítélì wá ní kí wọ́n yan ọkùnrin méje tó kún fún Ẹ̀mí Mímọ́ àti ọgbọ́n kí wọ́n lọ máa bójú tó oúnjẹ pínpín. Ẹ ò rí i bí, Ẹ̀mí Mímọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè kí wọ́n tó gbé ṣíbí ìbùjẹ lé èèyàn lọ́wọ́! Sítéfánù tó kú nítorí Kristi wà nínú àwọn méje yẹn, Fílípì tó gbé ìyìn rere dé Samáríà náà wà níbẹ̀, ìdí oúnjẹ pínpín la ti kọ́kọ́ gbúròó àwọn méjèèjì. Nítorí náà iṣẹ́ inú ìjọ, látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ẹni tí ìyà ń jẹ ló wà fún.

Ẹ wá wo Mátíù 25. Lọ́jọ́ tí Olúwa máa ya àgùntàn sọ́tọ̀ kúrò lára ewúrẹ́, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹ̀ka tó wà. Ebi pa mí, òùngbẹ gbẹ mí, mo jẹ́ àlejò, mo wà níhòòhò, mo ṣàìsàn, mo wà lẹ́wọ̀n, ohun tó kà sílẹ̀ nìyẹn. Ṣó o rí i pé mo ṣàìsàn wà níbẹ̀ gbangba? Àwọn olódodo yẹn ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun làwọn ń ṣe é fún, wọ́n ní Olúwa nígbà wo la rí ọ? Ìwọ ọmọ yìí, ní aago mẹ́ta òru tó o bá ń yí bàbá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì padà kí ẹ̀yìn wọn má bàa dégbò, ta lo rò pé ò ń yí?

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí. Lọ́dún 1907 ni dókítà George Green, míṣọ́nnárì àwọn Onítẹ̀bọmi, dé ìlú wa tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú aláìsàn, ibẹ̀ ni ọsibítù Bátísì ti wá. Kó tó dìgbà yẹn àwọn Fadá ti dá ti Lántòrò sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1895. Àwọn tó gbé Bíbélì wá fún wa ò ya wíwẹ egbò sọ́tọ̀ kúrò lára ìwàásù. Ẹlòmíì ò ní jókòó gbọ́ ìwàásù láéláé, àmọ́ ó jókòó kí wọ́n bá òun fọ ẹsẹ̀ tó ti ń rà, ibẹ̀ ló sì ti rí Jésù. Àwọn ìyá tí mo bá nílùú, tó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó yẹn, àdúrà ni wọ́n fi máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀, tí wọ́n bá sì ṣe àmín báyìí pánù ìgbẹ́ aláìsàn ni wọ́n máa lọ gbé. Mi ò rí ibi tí ìsìn ti parí nínú méjèèjì tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí mi ò fẹ́ gbójú fò. Máàkù orí 7, ohun tí Jésù bá àwọn Farisí wí lé lórí níbẹ̀ le o. Èèyàn á sọ fún bàbá tàbí ìyá ẹ̀ pé ohun tí ẹ bá rí gbà lọ́wọ́ mi ti di Kọ́bánì, mo ti fi fún Ọlọ́run, á sì pa òbí tì. Jésù ní wọ́n fi àṣà wọn sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run di asán. Èyí ló jẹ́ kí ẹ̀rù máa bà mí tí mo bá rí ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀ jù sílẹ̀ torí mítìn. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn ọmọ tó ò ń wẹ̀ láàárọ̀ Sunday pẹ̀lú oorun lójú yẹn, Ọlọ́run ń kà á.

---

Adùkẹ́Alto

Bàbá ẹ ṣé gan-an sà, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ni mo gbà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n sọ apá kejì náà torí mo mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ yìí máa ń já sí, tó bá yá olúkúlùkù á ní iṣẹ́ mi ni ìsìn mi, á wá ku àwọn èèyàn mẹ́ta kan tó máa gbálẹ̀ tó máa to àga tó máa dúró ti àwọn ọmọdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí wọ́n á fi sá kúrò nílùú.

Sista Nọ́ọ̀sì ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wà ní kwáyà, mo sì tún máa ń bá wọn dúró ní kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí ọkọ ẹ̀ ti kú, ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, èyí àbíkẹ́yìn kì í jẹ́ kí wọ́n sọ òun sílẹ̀ rárá. Wákàtí méjì ọjọ́ Sunday nìkan ni ìyá yẹn máa ń rí jókòó nínú ọ̀sẹ̀ láìsí ẹnikẹ́ni tó rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Tí n bá gba ọmọ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ á máa ké, á máa fà mí nírun, ẹnu ẹ̀ á kún fún bísíkíìtì, gbogbo ẹ̀ á wá sára aṣọ kwáyà mi, àmọ́ mo máa ń rí ìyá ẹ̀ láti ojú fèrèsé níbi tó ti di Bíbélì ẹ̀ mú tọwọ́tọwọ́ tó ń gbọ́ ìwàásù. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi pé ìyẹn ò kan ẹni tí nǹkan ń ṣe.

Ohun tí Pọ́ọ̀lù sọ ní 1 Kọ́ríńtì 12 náà ni, ojú ò lè sọ fún ọwọ́ pé òun ò nílò ẹ̀. Èmi gbà pé kò yẹ kí pásítọ̀ máa fi ẹ̀ka wọn ìgbàgbọ́ èèyàn, ṣùgbọ́n kò tún yẹ ká rò pé gbígba àlejò lẹ́nu ọ̀nà kéré. Àjèjì tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì tí ò mọ ẹnì kankan, ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i lè jẹ́ ùṣà yẹn.

Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀ táwa èèyàn kì í sábà sọ. Nígbà tí ìyá mi kú, àwọn kwáyà ló gba ìnira yẹn lọ́wọ́ wa. Àwọn alto wá fọ abọ́ lẹ́yìn ìjẹun, àwọn báàsì ru àga, ọ̀gá kwáyà wa fúnra wọn ló dúró ti ìkòkò ọbẹ̀. Ìjókòó ẹ̀yìn yẹn ò dáa tó bá pẹ́ jù, èèyàn lè jókòó síbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé ara ẹ̀ ò yá.

Nítorí náà ohun tí màá sọ ni pé kẹ́ ẹ lọ bá pásítọ̀ yín, kẹ́ ẹ fi ròsítà iṣẹ́ yín hàn wọ́n. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má mọ̀ rárá pé náìtì lẹ ti ń bọ̀ tẹ́ ẹ bá ń sùn lẹ́yìn. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ lè ṣe fún wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì kan tí mo mọ̀, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ máa ń wọn bíípí fáwọn àgbàlagbà lẹ́yìn ìsìn ní Sunday tó bá kẹ́yìn oṣù, tábìlì kan, àga méjì, ó parí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni kò mọ̀ pé òun ní in, títí tí rọpárọsẹ̀ á fi gbé wọn wá sí wọ́ọ̀dù yín. Ẹ ṣáà tètè sọ ibi tẹ́ ẹ máa mọ, torí wọ́n lè sọ yín di kílíníìkì.

---

Kẹ́rà_Leeds

Àárọ̀ ló mọ́ níbí ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí bọ́ọ̀sì ni mo ti ń ka èyí, mo ní n ò ní dákẹ́ torí ọ̀rọ̀ owó yẹn.

Sista mi, ẹ rántí ará Samáríà rere, Lúùkù 10. Gbogbo wa la máa ń wàásù nípa ẹni tó gbé aláìsàn yẹn sórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ẹ̀. Ẹnì kan tún wà níbẹ̀ tá a kì í wò, ẹni tó ni ilé èrò. Ará Samáríà náà fún un lówó, ó ní bá mi tọ́jú ẹ̀, tó o bá ná jù bẹ́ẹ̀ lọ màá san án fún ọ tí mo bá padà dé. Ọkùnrin yẹn gbowó o! Òun náà kúkú ló máa jí lóru wo ọgbẹ́ yẹn, òun ló máa fún aláìsàn lómi, lẹ́yìn tí ará Samáríà ti bá tirẹ̀ lọ. Jésù ò sọ pé torí ó gbowó ìtọ́jú yẹn ò kà. Pọ́ọ̀lù náà bá Ákúílà àti Pírísílà ṣe àgọ́ ní Kọ́ríńtì, ó ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ jẹun. Kólósè 3 tó ní ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ń ṣe ẹ ṣe é tọkàntọkàn bí ẹni ń ṣe é fún Olúwa, ẹrú ló ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àwọn tí ò lè sọ pé àwọn ò ṣe mọ́.

Iṣẹ́ kẹ́rà ni mò ń ṣe, ilé dé ilé. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi nílé kan, nígbà míì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, owó tí wọ́n ń san ò kọjá ìyẹn. Bàbá kan wà tí mo máa ń lọ fá irùngbọ̀n fún láàárọ̀, ìrántí wọn ti lọ, wọn ò mọ orúkọ mi, lójoojúmọ́ ni wọ́n máa ń bi mí pé ta ni mí. Nígbà òtútù ọwọ́ mi máa ń dà bíi yìnyín látìta, ọjọ́ kan tí mo fọwọ́ kàn wọ́n báyẹn wọ́n fò sókè, ẹ̀rù bà wọ́n. Látìgbà yẹn mo kọ́kọ́ máa ń ti ọwọ́ mi bọ omi gbígbóná títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, lẹ́yìn náà ni màá tó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Kò sí nínú ìwé iṣẹ́ mi. Kò sẹ́ni tó ń wò mí. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń gbàdúrà fún wọn, nínú ọkàn mi, kó tó di pé mo gbé abẹ. Ẹ̀yin náà á ní irú ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù yín, ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe tí owó oṣù ò bèèrè.

Lọ́jọ́ tí mi ò bá ṣiṣẹ́, mo máa ń bá wọn dúró ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n ti ń fún àwọn aláìní lóúnjẹ, ara àwọn fúùdù báǹkì Trussell ni, ẹgbẹ́ aláàánú kan níbí. Ẹni tó bá ń bọ̀ máa ń mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ dókítà tàbí àwọn wẹ́fíà, a ó di oúnjẹ tó máa gbé e fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Lọ́dún 2023 tí náírà já wálẹ̀ lójijì, àwọn ọmọ wa tó wá kàwé níbí náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ọmọ kan fi fìlà bojú, kò fẹ́ kí n mọ̀ pé Yorùbá ni òun. Mi ò kí i lédè wa. Mo kàn bu tíì fún un, mo jókòó, mo ní ṣé gáàsì ṣì wà nílé tó o máa fi sè é, torí tí ò bá sí gáàsì ìrẹsì wo lo fẹ́ fún un? Nígbà tó ń lọ òun fúnra ẹ̀ ló ní ẹ ṣeun mà. Jésù fọ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ ní Jòhánù 13, kò fi dójú ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ká máa ṣọ́ra fún irú ìrànlọ́wọ́ tó máa ń gé èèyàn kúrú.

---

ỌmọObòkun

Gbogbo yín lẹ ti dáhùn ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kò sẹ́ni tó dáhùn ọ̀rọ̀ àdúrà tó gbẹ.

Àǹtí mi, ẹ ò sùn. Mi ò sọ pé kò lè sí nǹkan míì níbẹ̀ o, ẹ yẹ ara yín wò níwájú Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ lọ ka Ọba Kìíní orí 19. Èlíjà ṣiṣẹ́ Ọlọ́run tó ga jù lórí òkè Kámẹ́lì, ó sáré, ẹ̀rù bà á, ó wọ aginjù lọ, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí òun kú. Ọlọ́run ò bá a wí. Kò ní kó gbààwẹ̀ kún un. Ó jẹ́ kó sùn, áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án, ó ní dìde jẹun, àkàrà tó gbóná lórí ẹyin iná àti ìgò omi ló wà níbi orí ẹ̀. Ó jẹ ẹ́, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún jí i, ó ní jẹun, torí ọ̀nà yìí jìn jù fún ọ. Ìgbà tó sùn tó jẹun tó, ìgbà yẹn ló wá lè rin ìrìn tó gbé e dé ibi tí Ọlọ́run ti bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tí ò sùn lóru tó tún ń tọ́jú ọmọ lọ́sàn-án, tó bá kúnlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ò jáde, ó lè jẹ́ pé oorun ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fẹ́ fún un. Olúwa wa pàápàá, ní Máàkù 6, nígbà tí èrò ń wọlé tí èrò ń jáde tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ò rí àyè jẹun, ó ní ẹ wá ká lọ síbi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kẹ́ ẹ sinmi díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Jẹ́tírò àti Mósè náà nìyẹn, Ẹ́kísódù 18. Mósè ń dá ẹjọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, iṣẹ́ rere ni, iṣẹ́ Ọlọ́run ni, àna ẹ̀ ní ohun tó ò ń ṣe yìí ò dáa, ó máa tán ọ lókun pátápátá àti ìwọ àti àwọn èèyàn yìí. Ó ní kó wá olórí ẹgbẹ̀rún, olórí ọgọ́rùn-ún, olórí àádọ́ta, olórí mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí wọ́n bá a gbé e.

Ìjẹ̀ṣà ni mí, ẹ jẹ́ kí n fi tiwa tì í. Dókítà David Morley tó wá sí ọsibítù àwọn Mẹ́tọ́díìsì, Wesley Guild n'Iléṣà, láwọn ọdún 1950, ó rí i pé àwọn ọmọ tó ń kú ní Ìmẹ̀sí-Ilé, àìsàn tó ṣeé dènà ló ń pa wọ́n, èèyi (measles), tí ò bá pa á, ebi tí wọn ò tètè rí á pa á. Kò ní òun nìkan á máa dá wọn wò. Ó dá kílíníìkì àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ níbẹ̀, ó kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní iṣẹ́ tó jẹ́ pé dókítà ni wọ́n rò pé ó máa ń ṣe é, ó wá ṣe káàdì kan tí wọ́n máa ń fa ìlà ìwọ̀n ọmọ sí, káàdì yẹn ò sí lọ́wọ́ ọsibítù, ìyá ọmọ ló máa ń gbé e lọ sílé. Ìyá ọmọ tí ò mọ̀wé náà á rí i pé ìlà yìí ń gòkè àbí kò gòkè mọ́. Irú káàdì yẹn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lágbàáyé lẹ́yìn náà. Àwọn nọ́ọ̀sì bíi tiyín ló gbé iṣẹ́ yẹn ró. Ìfẹ́ ni, ó tún fi làákàyè sí i, kò sì sí ẹnì kan tó dá gbogbo ẹ̀ gbé.

Ìkan ló kù. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi iṣẹ́ san gbèsè fún Ọlọ́run. Éfésù 2, oore-ọ̀fẹ́ la fi gbà wá là, lẹ́yìn ìyẹn ló wá sọ pé a dá wa nínú Kristi fún iṣẹ́ rere. Ẹ wo bó ṣe tò ó. Ẹni tó bá dà á rú, tó ń ṣiṣẹ́ kí Ọlọ́run lè gbà á, kò ní sinmi láéláé, á sì máa bínú sí àwọn tí ò ṣiṣẹ́ tó òun, bí Màtá ṣe bínú sí Màríà.

---

NọọsiNáìtì

Háà, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mí. Bàbá ẹ ṣeun sà. Sista Adùkẹ́, Sista Leeds, Bọ̀ọ̀dá Obòkun, Ọlọ́run á bá mi san án fún gbogbo yín. Ibi ọ̀rọ̀ Èlíjà yẹn mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì lọ sùn, òótọ́ ni mò ń sọ, mo sùn kí n tó wá dáhùn.

Màá lọ bá pásítọ̀. Ti bíípí yẹn wù mí, torí Sunday tó kẹ́yìn oṣù mo lè tọrọ kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ ìsinmi. Àmọ́ nǹkan kan tún wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi rò. Ní wọ́ọ̀dù wa àwọn kan wà tí ara wọn ti yá, dókítà ti ní kí wọ́n máa lọ, wọn ò rówó san ni wọ́n ṣì fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn míì, ẹbí ò wá mọ́. Bàbá kan wà níbẹ̀ báyìí, páńpásì àgbà ni wọ́n nílò, àwa nọ́ọ̀sì la máa ń dá owó jọ rà á nígbà tá a bá rí, nígbà tí ò bá sí, aṣọ la máa ń gé. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ gbé lọ fún pásítọ̀ ni pé kí ìjọ wa gba wọ́ọ̀dù kan láti máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé mo ti rí àwọn ìjọ tó wá tẹ́lẹ̀, wọ́n á wọ ẹgbẹ́jọdá wá, wọ́n á fi gbohùngbohùn wàásù, wọ́n á ya fọ́tò pẹ̀lú aláìsàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níhòòhò, wọ́n á pín bísíkíìtì fún alátọ̀gbẹ, wọ́n á lọ. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é kó má rí bẹ́ẹ̀?

---

Bàbá_Díákónì

Ọmọ mi, inú mi dùn pé o sùn.

A ti ń ṣe irú ẹ̀ nínú ìjọ wa ó ti pẹ́, màá sọ bá a ṣe ń ṣe é fún ọ. Ọsibítù ńlá máa ń ní àwọn sósíà wẹ́fíà, ìwọ náà mọ wọn. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí ìjọ gbà wọlé, ẹ má gba ẹ̀yìn. Àwọn ló ti ṣèwádìí ẹni tí kò ní lóòótọ́, wọn ò sì ní jẹ́ kí ìwọ tó o jẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kó sí wàhálà pé ò ń ṣojúsàájú láàárín àwọn aláìsàn. Ẹ má kó owó sọ́wọ́ aláìsàn, ẹ má sì kó o sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kankan, títí kan ìwọ. Ibi tí wọ́n ti ń sanwó ni kẹ́ ẹ ti san án, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì, kí akápò ìjọ fi pa mọ́.

Èèyàn méjì péré ni kó máa lọ lẹ́ẹ̀kan, aṣọ tí wọ́n bá wọ̀ lọ́jà ni kí wọ́n wọ̀ lọ. Kí wọ́n fi fóònù wọn sínú báàgì. Kí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun jẹ, torí ọ̀rọ̀ bísíkíìtì tó o sọ yẹn ṣẹlẹ̀ lójú tèmi náà. Àdúrà ò pọ̀n dandan kó gùn, kí wọ́n kọ́kọ́ bi aláìsàn bóyá ó fẹ́, tó bá jẹ́ Mùsùlùmí tí kò fẹ́, kí wọ́n kí i, kí wọ́n fún un ní páńpásì ẹ̀ bíi ti gbogbo èèyàn. Olúwa ò ní kí aláìsàn mú káàdì ìjọ wá kó tó wò ó sàn.

Kí ìwọ kọ ohun tí wọ́ọ̀dù nílò jù sílẹ̀: páńpásì àgbà, ọṣẹ, aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ìbọ̀wọ́, omi mímu. Fún pásítọ̀ ní ìwé yẹn lọ́wọ́, má kàn fẹnu sọ. Tí wọ́n bá ní owó ìjọ ò tó, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú páńpásì bàbá yẹn nìkan. Àwa náà, ọṣẹ la fi bẹ̀rẹ̀.

Tí wọ́n bá sì fẹ́ mọ ẹ̀ka tó o wà lẹ́yìn èyí, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ sí èyí tí wọ́n bá fẹ́. Kọ sí mi níbí lẹ́yìn tó o bá ti rí pásítọ̀, màá fi ìwé tá a kọ sí ọsibítù tiwa nígbà náà ránṣẹ́ sí ọ, kẹ́ ẹ lè wo bá a ṣe tò ó.